Ohun Tí Ràmọ́tà Ń Bẹ̀rù ní Ìsàlẹ̀ Èkó

Láti ìgbà tí mo ti dé, kò sí ẹni tó wá kí mi kú àbọ̀ ní Ṣakí níbí tí kò bi mí pé ṣé mo rí òkun. Mo rí i. Omi ni, ó lọ salalu, ó ń pariwo, kò sì ṣeé mu. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ìtàn òkun, kó lọ bá àwọn tó ti lọ ṣáájú mi. Ohun tí èmi rí ní Èkó, inú yàrá ni mo ti rí i, àyà mi kò sì tíì rọlẹ̀ tán bí mo ti ń kọ ọ́ yìí.

Iṣẹ́ ló gbé mi lọ. Jẹ́lé-ó-sinmi ni mo ti ń ṣe tíṣà. Láti ìgbà díẹ̀ sẹ́yìn ni àwọn òbí ti ń mú ọmọ wá tí apá wa ò ká: èyí ń gé ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ jẹ, èyí ń fi orí gbá ògiri, òmíràn ń ké títí ohùn rẹ̀ yóò fi há. Ọ̀gá wa obìnrin gbọ́ pé àwọn kan wà ní Erékùṣù Èkó tí wọ́n ń kọ́ ènìyàn bí a ṣe ń ran irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́. Ó ní, "Muínátù, ìwọ lo ní sùúrù jù nínú wa. Lọ kọ́ ọ wá." Mo di ẹrù mi, ìyá mi ṣàdúrà, mo lọ.

Ọbálendé

Bí mo ṣe sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní Ọbálendé, mo ṣe ohun tí wọ́n kọ́ mi nílé: mo kí àwọn tí mo bá lórí ìdúró. "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o." Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ọkùnrin kan tiẹ̀ bojú wẹ̀yìn láti mọ ẹni tí mo ń kí. Mo tún un wí, mo gbóhùn sókè díẹ̀, bóyá ariwo ni kò jẹ́ kí wọ́n gbọ́. Obìnrin kan tó ń din dùndú lẹ́bàá ọ̀nà gbójú sókè, ó rẹ́rìn-ín, ó sì padà sídìí epo rẹ̀.

Mo bi awakọ̀ kan léèrè ọ̀nà Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó. Kó tó dá mi lóhùn, kọ̀ńdọ́ kan tí n kò rí rí ti gbé báàgì mi, ó ti fi eré sí i. Mo figbe ta.

"Olè! Olè o! Ẹ gbà mí!"

Ọkùnrin náà dúró, ó gbé báàgì sílẹ̀, ó ń wò mí bí ẹni tí wọ́n gbá létí. "Àǹtí, kí ló dé? Ṣebí ẹ ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó lẹ̀ ń lọ? Kẹ̀kẹ́ Màrúwá tó ń lọ ibẹ̀ ló fẹ́ gbéra yẹn. Àbí mo ṣe burúkú ni?"

Ojú tì mí débi pé n kò mọ ibi tí mo lè gbé e sí. Ó gbé ẹrù náà wọ kẹ̀kẹ́, ó fọwọ́ lu òrùlé rẹ̀, ó kígbe sí awakọ̀ pé, "Rọra gbé Àǹtí ará òkè yìí lọ o!" Kí n tó rí ọpẹ́ dá, ó ti wọ àárín èrò lọ.

"Ẹ má bínú, àlejò," obìnrin onídùndú nì pè mí látìdí epo rẹ̀. "Èkó ò ráyè kí ènìyàn, ṣùgbọ́n á báni gbẹ́rù."

Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó

Ilé Àlhájà Ṣàkírátù ni mo dé sí, opó àgbàlagbà kan tó ń ta òwú, bọ́tìnnì àti síìpù fún àwọn télọ̀. Ẹ̀gbọ́n ọ̀gá wa ló jẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé agboolé wa há, ẹ ò tíì rí nǹkan. Ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, bí ará ilé kejì bá sín, ẹ lè kí i pẹ̀lẹ́ láti orí bẹ́ẹ̀dì yín, á sì jẹ́ yín. Àlàfo tó wà láàárín ilé kan sí èkejì, bí ewúrẹ́ méjì bá pàdé níbẹ̀, ọ̀kan ní láti padà sẹ́yìn. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń fọṣọ, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń jà, tí wọ́n ti ń parí ìjà. Omi kànga ibẹ̀ níyọ̀, mẹ́rúwà ló ń ti omi mímu wá nínú kẹ́ẹ̀gì. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo fi omi kànga náà wẹ̀, ọṣẹ kọ̀, kò hó. Mo rò pé wọ́n ta ayédèrú ọṣẹ fún mi.

Lórí oúnjẹ, Àlhájà gbé ẹ̀bà síwájú mi pẹ̀lú orí ẹja tútù kan tó kún àwo, ojú ẹja náà là sílẹ̀ kedere, ó ń wò mí. Mo jókòó, èmi náà ń wò ó.

"Ṣé ẹ kì í jẹ ẹja lókè ọ̀hún ni?"

"À ń jẹ ẹ́, Mà. Ṣùgbọ́n tiwa ti gbẹ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Kì í wo ènìyàn lójú."

Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi di àyà mú. "Orí la fi ń ṣe àlejò. Jẹ ojú ẹ̀, òun ló dùn jù."

Mo dijú, mo jẹ ẹ́. Òótọ́ ló sọ.

Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ṣàlàyé iṣẹ́ tí mo wá kọ́, ẹ̀rín parẹ́ lójú rẹ̀. Ó sún mọ́ mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni pé ará ilé kejì kò gbọdọ̀ gbọ́.

"Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wà ní Ìsàlẹ̀ Èkó lọ́hùn-ún. Ọmọ-ọmọ ládàánì ni. Bí bàbá àgbà rẹ̀ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í pe ìrun ní mọ́sáláṣí báyìí, ohun tó wà lára ọmọ yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Kò fẹ́ gbọ́ orúkọ Ọlọ́run. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀."

Mo ka gbogbo àdúà tí mo mọ̀ kí n tó sùn.

Lẹ́yìn Tinúbú

Ibi ìkẹ́kọ̀ọ́ wa wà lórí òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan lẹ́yìn gbàgede Tinúbú, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ báńkì ti ń sáré kọjá bí ẹni tí wọ́n ń lé, táì ń fò léjìká wọn. Olùkọ́ wa ń jẹ́ Àǹtí Bísí, obìnrin jẹ́jẹ́ tí ohùn rẹ̀ kì í ròkè. Mo ń retí kó kọ nǹkan sójú pátákó. Dípò ìyẹn, ó pa fáànù. Ó gbé ìgò omi tútù kan sórí tábìlì, ó wá pe Mọ́ṣúúdù jáde láàárín wa. Mọ́ṣúúdù ti ṣọ́ báńkì rí, ó fẹ̀ bí ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n ènìyàn pẹ̀lẹ́ ni.

"Òùngbẹ ń gbẹ yín," Àǹtí Bísí wí fún un. "Ẹ gba omi lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n ẹ ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀, ẹ ò gbọdọ̀ nawọ́, ẹ ò sì gbọdọ̀ dìde."

Mọ́ṣúúdù rẹ́rìn-ín músẹ́, ó wo ìgò náà. Àǹtí Bísí fún un ní bírò. Ó mirí. Ó fún un ní áńkáṣíìfù. Ó tún wo omi, ó ń fi àgbọ̀n júwe rẹ̀. "Háà, fèrèsé ló fẹ́ ká ṣí!" ni Àǹtí Bísí wí, ó sì lọ ṣí fèrèsé. Àwa ń rẹ́rìn-ín. Ooru mú, òógùn ń ṣàn lójú ọkùnrin yìí, Àǹtí Bísí ń kó ohun tí kò bèèrè fún un, ó ń fọwọ́ rà á lẹ́yìn, ó ń pè é ní ọmọ dáadáa. Àfi gbàà! Mọ́ṣúúdù ti fi àtẹ́lẹwọ́ gbá tábìlì, ìró rẹ̀ sì mú kí àwọn ará ọ́fíìsì kejì yọjú. Ẹ̀rín kú mọ́ wa lẹ́nu. Àǹtí Bísí kò bá a wí. Kíá ló gbé omi lé e lọ́wọ́.

"Kí ni mo kọ́ wọn báyìí?" ló bi wá.

Mọ́ṣúúdù fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Pé kí n máa gbá tábìlì."

Àgbàlagbà tó ń sọ̀rọ̀ tó dáa, tó lọ́mọ nílé, ni àìlèsọ̀rọ̀ sọ di bẹ́ẹ̀ lójú wa, kí ìgò omi náà tiẹ̀ tó lọ́wọ́ọ́rọ́.

Láti ọjọ́ yẹn ni Àǹtí Bísí ti ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ wa létí pé ká máa wo ohun tó ṣẹlẹ̀ kí ọmọ tó ṣe nǹkan, ká wo ohun tó ṣe gan-an, ká sì wo ohun tó tẹ̀lé e. "Ẹ má sọ fún mi pé ọmọ burú," ó máa ń wí. "Ohun tí ojú yín rí ni kẹ́ ẹ sọ. Ọmọ tó ń gé ènìyàn jẹ, nǹkan kan ló ń wá, tàbí kó jẹ́ pé nǹkan kan ló ń sá fún." Ó ní a kò gbọdọ̀ febi pa ọmọ kó tó gbọ́ràn, a kò sì gbọdọ̀ nà án. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀ lédè Yorùbá, lédè òyìnbó. Mo rò pé ó ti yé mi.

Ìsàlẹ̀ Èkó

Nígbà tó yá, Àǹtí Bísí ní kí n tẹ̀lé òun lọ wo ọmọ kan nílé wọn. A gba ọ̀nà tóóró wọ Ìsàlẹ̀ Èkó, a kọjá lára àwọn bàbá tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Lọ́dọ̀ wa, wọn ì bá ti bi wá léèrè ilé bàbá wa. Ọ̀kan nínú wọn kàn wo Àǹtí Bísí, ó ní, "Ilé ládàánì ni?" Ó fi ètè júwe rẹ̀.

Ọmọ tí Àlhájà sọ ni a ń lọ bá.

A kò tíì dé ẹnu ọ̀nà tí ìpè ìrun Àìlà ọ̀sán fi bẹ̀rẹ̀ láti mọ́sáláṣí kékeré tó wà nígun ilé náà. Ohùn arúgbó ni, ó dùn, ó ń gbọ̀n díẹ̀ lórí ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má tíì parí gbólóhùn kìíní tí igbe fi sọ láti inú ilé. Mo ti gbọ́ ọmọ tó ń ké rí, iṣẹ́ mi ni. N kò gbọ́ irú ìyẹn rí. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n ń fa páànù ya.

A wọlé. Ọmọbìnrin kan wà nílẹ̀, tó lè tó ọmọ ọdún mẹ́jọ. Wọ́n ti ya àǹkárá tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n fi so ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Ó ń fi ẹ̀yìn orí gbá ilẹ̀, ó ń gé ọwọ́ ara rẹ̀ jẹ. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ìyá rẹ̀ dúró lórí ẹní, ó ń kírun. Omijé ń ṣàn lójú obìnrin náà, ó ń kán sórí ẹní, kò sì já ìrun rẹ̀.

Mo fẹ́ sáré lọ tú ọmọ náà, Àǹtí Bísí rọra di ọwọ́ mi mú. Bí ìyá rẹ̀ ti sálámà parí ìrun báyìí ló yíjú, ó tú aṣọ náà, ó kó ọmọ náà mọ́ra. Igbe náà dúró bí ẹni pa iná. Ìgbà yẹn ni mo rí apá ìyá: ojú eyín kún ibẹ̀ láti ọrùn ọwọ́ títí dé ìgúnpá, àwọn kan ti jinná, àwọn kan ṣì ń ṣẹ̀jẹ̀.

"Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, Àǹtí," ó wí fún mi. Sàídátù lorúkọ rẹ̀, ó lè jẹ́ ojúgbà mi. "Mo ti gbìyànjú kí n kírun láìdè é. Orí mi wà nílẹ̀ nígbà tó sá jáde. Ọlọ́kadà tó ń bọ̀, Ọlọ́run ló bá mi dá a dúró. Táyà ẹ̀ ti kan aṣọ ọmọ mi."

Mo bá a ká àǹkárá náà kúrò nílẹ̀.

Bàbá ládàánì ti mọ́sáláṣí dé, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ nínú jálàbíà funfun báláú. Bàbá ọkọ Sàídátù ni. Ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lókè òkun. Bàbá kí wa dáadáa, ó ní kí wọ́n ra mínírà tútù fún wa, ó jókòó, ó wo ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó ń ṣa ìdérí ìgò jọ nílẹ̀.

"Ẹ ti gbọ́ ọ fúnra yín," ó wí. "Láti ìgbà ọ̀dọ́ mi ni mo ti ń pèrun. Àwọn ènìyàn máa ń sọ pé ohùn mi ló jí àwọn wá sí mọ́sáláṣí. Ẹnì kan ṣoṣo ló kọ ohùn mi láyé, ẹni náà ló sì wọ inú ọmọ mi yìí."

Ó sọ fún wa pé ọkùnrin kan wà lẹ́yìn ìlú tó ń lé jìnnì. Ó máa ń ti ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ bọ ọmọ lẹ́sẹ̀, á máa fi pàṣán nà án títí ohun náà yóò fi jáde. Bí oṣù bá ti lé, òun yóò gbé Ràmọ́tà, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ náà ń jẹ́, lọ síbẹ̀. Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń sọ pé òun yóò gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù jù. Ó fẹ́ràn ọmọ náà.

Ọjọ́ tí ìyá kò kírun

Mo wá di ẹni tó ń lọ síbẹ̀ lójoojúmọ́. Àǹtí Bísí ti kọ́kọ́ ní kí dókítà wo etí àti eyín ọmọ náà. Kò sí nǹkan kan tó ń ṣe ibẹ̀. Iṣẹ́ tèmi ni kí n jókòó, kí n máa wò.

Ràmọ́tà kì í sọ̀rọ̀, kì í kíni, kì í jẹ́ ká wo òun lójú. Bí mo bá wọlé, á gbóòórùn ọwọ́ mi, á padà sídìí ìdérí ìgò rẹ̀. Èmi tí mo kí gbogbo Ọbálendé tí kò sẹ́ni tó jẹ́ mi, mo ti kẹ́kọ̀ọ́ pé kí n má fi ìyẹn bínú. Mo bá a mú bọ́tìnnì wá látinú ìṣọ̀ Àlhájà, aláwọ̀ oríṣiríṣi. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ń mi ọwọ́ méjèèjì bí ẹyẹ. Á tò wọ́n láti orí ẹní dé ẹnu ọ̀nà, funfun lẹ́gbẹ̀ẹ́ pupa. Bí ìpè bá sì ti dún báyìí, gbogbo rẹ̀ á bàjẹ́.

Èmi náà ti ń gbà pé nǹkan kan wà nínú ọmọ yìí. Mo sọ òtítọ́ fún yín. Bí ó bá ti fẹ́ tó Àìlà, èmi gan-an á máa ka àdúà sínú.

Ó wá di ọjọ́ kan, Sàídátù jókòó sórí àpótí, ó ń ṣa ẹ̀wà. Ìpè dún. Mo fi ọwọ́ di etí mi, mo ń dúró. N kò gbọ́ nǹkan kan. Mo ṣí etí. Ohùn Bàbá ń lọ geere lórí ẹ̀rọ, Ràmọ́tà gbójú sókè, ó wo ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń ṣa ẹ̀wà. Ọmọ náà bá padà sídìí bọ́tìnnì.

"Sàídátù, ìpè ni yẹn."

"Mo gbọ́. N kò sí lórí ìrun, nǹkan oṣù mi dé."

"Ràmọ́tà ò ké."

Ó dá ẹ̀wà dúró. Ó wo ọmọ, ó wò mí, ó tún wo ọmọ. Ó jọ pé kò gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ náà rí, torí pé láwọn ọjọ́ bẹ́ẹ̀, kì í fetí sí ìpè.

Mo sáré lọ bá Àǹtí Bísí bí ẹni tí wọ́n sọ iná sí lára. Kò fò sókè bí mo ṣe rò. "Ẹ tún wò ó," ó ní, "ẹ má tíì sọ nǹkan kan." A tún wò ó ní Àlàásárì, a wò ó lọ́jọ́ kejì. Ọmọ kò ké. Nígbà tí Sàídátù wẹ̀ tó padà sórí ìrun, tó dìde mú àǹkárá nì, igbe náà padà. Ojú mi wà lára ọmọ náà lọ́tẹ̀ yìí. Kò wo fèrèsé tí ohùn ń gbà wọlé. Aṣọ ló ń wò.

Ìgbà yẹn ni Sàídátù fi ọwọ́ lé orí, tó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Yéè! Kì í ṣe ìpè. Èmi ni. Èmi ni o."

Bàbá pèrun nílé

Oṣù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lé. Bàbá ti bá ọkùnrin tó ń lé jìnnì sọ̀rọ̀, ó ti ní kí Sàídátù di aṣọ Ràmọ́tà sínú báàgì. Àǹtí Bísí àti èmi lọ bá a kí ìrun Àlàásárì tó tó.

"Àlhájì," Àǹtí Bísí kúnlẹ̀, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí igbákejì yín pèrun ní mọ́sáláṣí lónìí. Kẹ́ ẹ wá pe ìrun níbí, lójú Ràmọ́tà."

Ojú rẹ̀ le. "Kí ó tún fi mí ṣẹ̀sín lójú àlejò?"

Sàídátù ló sọ ọ́, ojú rẹ̀ wà nílẹ̀. "Bàbá, ọjọ́ tí n kò bá kírun, kì í ké."

"Ọjọ́ wo ni o kì í kírun?"

Èmi fi gèlè bo ẹnu. Bàbá wo ìyàwó ọmọ rẹ̀, ó wò wá, ó wá yé e. Ó gbójú kúrò lára wa, ó ń wo tẹ̀sùbáà ọwọ́ rẹ̀. Kì í sí nílé bí ìpè bá ń lọ. Òun ni ó ń pè é. Igbe ni ó máa ń gbọ́ láti mọ́sáláṣí, kò rí ohun tó ṣáájú rẹ̀ rí.

"Ẹ ní kí n pè é?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá."

Ó dìde, ó kọjú sí Kíbúlà, ó fi ọwọ́ di etí. Sàídátù jókòó lórí àpótí, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí itan, kò sí nǹkan kan nínú wọn. Ràmọ́tà wà nílẹ̀ láàárín bọ́tìnnì.

"Allāhu akbar..."

Ohùn tó ti ń jí àdúgbò náà láti ọdún gbọọrọ kún yàrá kékeré nì. Ràmọ́tà gbórí sókè. Ó wo ìyá rẹ̀. Ó wo ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Lẹ́yìn náà, fúnra rẹ̀, ó na ẹsẹ̀ òsì síwájú, èyí tí àmì aṣọ ti di òrùka dúdú sí lọ́rùn, ó sì dúró. Ó ń dúró kí a wá dè é.

Bàbá ti yíjú díẹ̀, bí ládàánì ti ń ṣe bó bá ń pe ènìyàn wá sí ibi ìrun. Ó rí ẹsẹ̀ náà. Ohùn rẹ̀ dá. Mo rò pé kò ní lè parí rẹ̀, ṣùgbọ́n ó parí rẹ̀. Kò sẹ́ni tó dìde. Nígbà tó pẹ́, Ràmọ́tà fa ẹsẹ̀ rẹ̀ padà sábẹ́ ara, ó mú bọ́tìnnì funfun kan, ó tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ pupa.

Arúgbó náà kò kúrò lórí ìdúró. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló kọ sí wa.

"Mo rò pé ìrun ni mò ń pè," ó wí. "Okùn ni mò ń pè sí ọmọ mi lẹ́sẹ̀."

Mo sunkún, Àǹtí Bísí tí ohùn rẹ̀ kì í ròkè náà sunkún. Bàbá lọ fúnra rẹ̀, ó kó aṣọ inú báàgì padà sínú àpótí ọmọ náà.

Àwọn ọjọ́ tó tẹ̀lé e

Ẹ má rò pé gbogbo rẹ̀ parí síbẹ̀. A dáná sun àǹkárá nì, a fi ìkọ́ sókè ilẹ̀kùn níbi tí ọwọ́ ọmọ kò lè tó, Sàídátù àti èmi ń pààrọ̀ ara wa: bí ọ̀kan bá ń kírun, èkejì á máa ṣọ́ ọmọ. Àǹtí Bísí ya àwòrán sórí páálí kéékèèké: ife omi, bọ́tìnnì, àtẹ́lẹwọ́ tó dúró ṣánṣán fún "ó tó". A ń kọ́ Ràmọ́tà kó máa mú páálí lé wa lọ́wọ́ dípò eyín. Ó gé mi jẹ nígbà púpọ̀. Ojú eyín rẹ̀ wà lápá mi, ẹni tó bá fẹ́ rí i kó wá. Lọ́jọ́ kan, mo gbàgbé ìkọ́ ilẹ̀kùn, ó sá jáde. Mo ki eré mọ́lẹ̀, mò ń kígbe. Nígbà tí mo fi dé ìta, àwọn ọlọ́kadà ti fi ọ̀kadà dí ọ̀nà lókè àti nísàlẹ̀, àwọn obìnrin àdúgbò ti ṣe agbo yí i ká. Ẹnì kankan kò fọwọ́ kàn án. Àwọn tó ń pè é ní ọmọ jìnnì ni wọ́n dúró bẹ́ẹ̀ nínú oòrùn títí tó fi fúnra rẹ̀ padà wọlé. Bàbá ti lọ bá wọn sọ̀rọ̀ láti ojúlé dé ojúlé, n kò mọ̀.

Kí n tó kúrò ní Èkó, ó fi páálí omi gba omi lọ́wọ́ bàbá àgbà rẹ̀. Ife náà kún ju bó ti yẹ lọ.

Ilé

Mo padà dé Ṣakí. Ẹ̀yin ènìyàn mi kún ìyẹ̀wù, ẹ ní kí n sọ ìtàn Èkó. Mo sọ èyí tí mo kọ síhìn-ín fún yín. Àwọn kan kò gbà á gbọ́, àwọn kan ní ará Èkó ti sọ mí di òyìnbó. Gbogbo yín lọ, ó ku Ìyá Kúdí, tó ń bá mi dirun láti kékeré, tí ilé rẹ̀ kàn ògiri ilé wa. Ó jókòó ṣáá, ó ń fi etí ìró rẹ̀ wé ìka.

"Ìyá Kúdí, ṣé kò sí nǹkan?"

"Okùn yẹn," ó ní. "Ẹ tú u, ọmọ náà ò sì kú?"

"Kò kú, Mà. A ń ṣọ́ ọ, ṣùgbọ́n kò kú."

Ó tún ìró rẹ̀ ró. Mo rò pé ó fẹ́ dágbére. Ó wá ní, "Tèmi wà ní yàrá ẹ̀yìn. Àbúrò Kúdí. Ọkùnrin ni."

Mo wò ó. Mo mọ gbogbo ọmọ obìnrin yìí, mo mọ orúkọ wọn, mo mọ ọjọ́ ìkómọ wọn. N kò mọ̀ pé Kúdí ní àbúrò. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín wa.

"Kí lorúkọ rẹ̀?" mo bi í.

Ó jọ pé ó ti pẹ́ tí ẹnì kan ti bi í léèrè.

"Ìsíàká," ó wí. "Ìsíàká ni."

Mo wá bàtà mi. Mo ní, "Ẹ jẹ́ ká lọ kí i."